Ọ́ìlì Wo Ló Yẹ Ẹ̀rọ Ìgékoríko Tí A Fi Ń Ṣiṣẹ́ Owó? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé koríko gba owó ni mo kọ èyí fún: àwọn tó gba iṣẹ́ ẹ́sítéètì, ọgbà ilé-ìwé, itẹ́ òkú, pápá ìṣeré àti etí títì. Ẹni tó ní ẹ̀rọ kan nílé, tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lè rí nǹkan mú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lásìkò òjò ni mo ní lọ́kàn. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa jù ni pé ooru ló ń pa ẹ́ńjìnì wa nílẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe òtútù. Inú àwọn orílẹ̀-èdè tí yìnyín ti ń bọ́ ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wá, ibẹ̀ ló sì bá mu.

Ọ́ìlì tí mo ń rà fún ọkọ̀ mi ńkọ́? Ṣé kò lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ ìgékoríko ni?

Ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè bà á jẹ́. Irú ọ́ìlì ọkọ̀ tí ẹ ń rà ló máa sọ.

Ọkọ̀ ní rédíétọ̀, omi ló ń gbé ooru ẹ́ńjìnì rẹ̀ kúrò. Kò sí omi nínú ẹ́ńjìnì ìgékoríko. Atẹ́gùn tí fáànù rẹ̀ ń fẹ́ sára sílíńdà àti ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló ń tù ú lára. Ọ́ìlì náà kò sì pọ̀. Honda GX160, tó wà lára pọ́ńpù omi, jẹnẹrétọ̀ àti àwọn ẹ̀rọ ìgékoríko kan, kò gbà ju bíi lítà 0.58 lọ. Ìwọ̀nba yẹn ló ń jẹ́ kí irin máa yọ̀ lórí irin, òun ló ń gbé ooru, òun náà ló ń kó ìdọ̀tí. Ọkọ̀ máa ń dúró ní góòsìló, ó máa ń rọra lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgékoríko á máa yí ní bíi 3,000 sí 3,600 ìgbà níṣẹ́jú kan títí iṣẹ́ á fi parí.

Nítorí náà, ọ́ìlì ọkọ̀ ayé òde òní tó fúyẹ́ gan-an, irú 0W-20 tí wọ́n ṣe kí ọkọ̀ má baà jẹ epo púpọ̀, ẹ má dà á sínú rẹ̀. Ti 10W-30 àti 20W-50 yàtọ̀, a máa sọ ọ́ nísàlẹ̀.

Kí ni àwọn nọ́ńbà ara ike ọ́ìlì ń sọ?

SAE ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1905. Àwọn ló ṣètò nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Nínú 10W-30, nọ́ńbà tó bá W rìn ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe nínú òtútù. Èyí tó gbẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, ní 100°C. Ní ìwọ̀n ooru yẹn, ọ́ìlì 30 gbọ́dọ̀ wà láàárín 9.3 àti 12.5 lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńtísítóòkì, 40 láàárín 12.5 àti 16.3, 50 láàárín 16.3 àti 21.9. Ẹ rí i pé láti 30 dé 50 kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kí ọ́ìlì tó lè jẹ́ 10W, wọ́n á dán an wò nínú òtútù tó tó 25°C sísàlẹ̀ òdo. Ìdájí ọyẹ́ tó le jù ní Ìbàdàn tàbí Ṣakí kò dé ìtòsí ibẹ̀. Ẹni tó ń gé koríko ní Abẹ́òkúta kò nílò láti san owó kún owó nítorí 5W tàbí 0W. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ.

SAE 30 tí kò ní W rárá ni a ń pè ní ọ́ìlì onínọ́ńbà kan. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Fún ooru ilẹ̀ wa gan-an ni wọ́n ṣe irú rẹ̀.

Ẹ sọ ojú abẹ níkòó: èwo ni kí n rà?

Fún ẹ̀rọ tí à ń tì lọ́wọ́, tó ní sílíńdà kan, SAE 30 ni màá kọ́kọ́ mú. Tí kò bá sí, 10W-30 tó dára.

Ìdí mi rèé. Ìwé Briggs & Stratton, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnì, sọ pé kí a lo SAE 30 láti bíi 4°C lọ sókè. Ó gbà kí a lo 10W-30 náà, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé tí ojú ọjọ́ bá ti kọjá 27°C, ẹ́ńjìnì lè bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ọ́ìlì. Ọjọ́ wo ni ọ̀sán wa kì í kọjá 27°C? Ohun tó fà á ni pé inú ọ́ìlì tó fúyẹ́ ni wọ́n ti ṣe 10W-30, wọ́n wá fi èròjà kan kún un kó má baà ṣàn jù nígbà tó bá gbóná. Ọ́ìlì fífúyẹ́ a máa gbẹ kíákíá nínú ooru, èròjà yẹn náà a sì máa já wẹ́wẹ́ bí àwọn irin ṣe ń fún un. SAE 30 kò gbára lé irú èròjà bẹ́ẹ̀.

Fún ẹ̀rọ ńlá tí à ń jókòó sí tàbí tí à ń dúró lórí rẹ̀, tó ní sílíńdà méjì, tó ní pọ́ńpù ọ́ìlì àti fílítà, mo máa gòkè díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnì wọ̀nyẹn fúnra wọn ti gòkè. 10W-40 ni Kawasaki ń tà lórúkọ ara rẹ̀. Kohler ń ta 10W-50 fún àwọn oníṣẹ́ owó. Briggs & Stratton ń ta 15W-50 fún ẹ́ńjìnì Vanguard, ó sì gbà kí a lò ó nínú ooru tó ju 50°C lọ. Bí àwọn tó mọ ohun tí wọ́n rọ bá ń mú ọ́ìlì tó ki fún iṣẹ́ àṣeṣúlẹ̀, ìdí kò sí fún wa láti máa wá èyí tó fúyẹ́ kiri.

Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá ló láṣẹ ju mi lọ. Tó bá sọnù, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnì, kì í ṣe ti ara ẹ̀rọ tó gbé ẹ́ńjìnì náà, kí ẹ sì wá ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn.

Ìwé sọ 10W-30, mẹkáníìkì mi ní 20W-50 ló nípọn, òun ló máa dáàbò bo ẹ́ńjìnì. Ta ni kí n gbọ́?

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yín kì í ṣe irọ́ pátá, ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá ẹ́ńjìnì yẹn ní pọ́ńpù ọ́ìlì.

Irú GX160 kò ní. Ohun tó ní ni ẹ̀là irin kan bí ṣíbí, lábẹ́ ọ̀pá tó so mọ́ písítìnì. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí ni ṣíbí yìí ń bu ọ́ìlì nísàlẹ̀ tó sì ń fọ́n ọn káàkiri inú ẹ́ńjìnì. Tí ọ́ìlì bá ki jù, kò ní tètè fọ́n dé òkè láàárọ̀ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, ìgbà yẹn gan-an sì ni irin ń jẹ irin jù lọ. Honda fi 10W-30 ṣe àkọ́kọ́, ó sì fàyè sílẹ̀ fún SAE 30 níbi tí ooru bá wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

Tí ẹ́ńjìnì bá ti gbó, tó ń tú èéfín aláwọ̀ búlúù, tó sì ń jẹ ọ́ìlì, 20W-50 lè jẹ́ kí ẹ parí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. Kò wo ríìgì, ìyẹn òrùka ara písítìnì, tó ti jẹ sàn. Ẹ máa tọ́jú owó ríìgì pamọ́ bí ẹ ṣe ń lò ó lọ.

Mo rí SF, SL, SN lára ike. Ṣé nǹkan kan ni?

Nǹkan gidi ni, mo sì rò pé ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù lọ́jà.

Àjọ API ní Amẹ́ríkà ló ń fi lẹ́tà wọ̀nyí sọ bí ọ́ìlì ṣe dára tó. S jẹ́ ti ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù, C jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà kejì ń gòkè bí ọ́ìlì ṣe ń dára sí i: SA, SB, SC, títí dé SJ, SL, SM, SN tó dé ní 2010, àti SP tó dé ní 2020. API fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé SA kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1930. Ó ní SC kò yẹ fún èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1967, SF náà kò yẹ fún èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988.

Ọ́ìlì kan lè jẹ́ SAE 40 tó ki dáadáa kó sì jẹ́ SA, ìyẹn ni pé kò sí èròjà tó ń fọ ìdọ̀tí tàbí tó ń dá ìjẹrà irin dúró nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré, ó ń dán nínú ike, ó sì ń bẹ lórí àtẹ. Ohun tí Honda ń béèrè fún GX ni SJ tàbí èyí tó ga jù ú lọ. Èmi á ní kí ẹ má ra ohunkóhun tó rẹlẹ̀ ju SJ, bó ti wù kí ọlọ́jà yìn ín tó. Tí wọn ò bá kọ lẹ́tà kankan sára ike, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ọ́ìlì ọ̀kadà ńkọ́? Ó wà ní gbogbo ìkóríta.

Ọ́ìlì alùpùpù onífóò-sitíróòkì (èyí tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀) tó jẹ́ ojúlówó dára. Wọ́n máa ń kọ 4T àti JASO MA sí i lára; JASO ni àjọ tó ń ṣètò ìlànà ọkọ̀ ní Japan. Nítorí pé inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù ń gbé, wọn kì í fi àwọn èròjà tó ń mú un yọ̀ jù sí i, ìyẹn kò sì pa ẹ́ńjìnì ìgékoríko lára. Ẹ ṣáà wo nọ́ńbà SAE àti lẹ́tà API rẹ̀ bí ẹ ṣe máa wo ti òmíràn.

Ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì, 15W-40, ńkọ́?

Ẹ̀rọ tó bá ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì, irú Kubota tàbí tírákítọ̀ tó ń fa abẹ ìgékoríko lẹ́bàá títì, tirẹ̀ nìyẹn. Nínú ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù, ẹ lè lò ó tí wọ́n bá kọ lẹ́tà méjèèjì sí i lára, bíi CI-4/SL, tí ìwé ẹ́ńjìnì náà kò sì ní kí a má lo 40. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èròjà síńkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń dáàbò bo irin pọ̀ nínú rẹ̀ ju inú ọ́ìlì ọkọ̀ kékeré ayé òde òní lọ. Tó bá jẹ́ C nìkan ló wà lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún dísẹ́ẹ̀lì.

Ṣé kí n ná owó lé sintẹ́tíìkì, ọ́ìlì tí wọ́n fi ìmọ̀ kẹ́míkà ṣe?

Lórí ẹ̀rọ ńlá, bẹ́ẹ̀ ni, tí agbára bá wà. Kì í tètè gbẹ nínú ooru, kì í sì tètè di ọ̀dà. Lórí ẹ̀rọ kékeré tí à ń tì, mo rò pé ó sàn kí ẹ fi owó náà ra SAE 30 tó dára, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ déédéé. Sintẹ́tíìkì tí eruku ti wọ̀, tó ti lò ju bó ṣe yẹ lọ, kò lè dáàbò bo ẹ́ńjìnì tó ọ́ìlì lásán tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà.

Kohler sọ pé 10W-50 tòun lè lo 300 wákàtí. Ẹ̀rọ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni èyí tí fílítà atẹ́gùn rẹ̀ mọ́, tí kò gé koríko nínú eruku ọyẹ́. Èmi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó dé ibẹ̀ lágbègbè wa.

Ẹ̀rọ tí mò ń gbé kọ́ èjìká ńkọ́? Mo gbọ́ pé inú epo ni wọ́n ń da ọ́ìlì rẹ̀ sí.

Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ tu-sitíróòkì, bíi Stihl FS 250 tí ọ̀pọ̀ ń lò. Kò ní ibi tí ọ́ìlì ń dúró sí. Ọ́ìlì tí a pò mọ́ pẹtiróòlù ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó ń fi díẹ̀ sára irin, tó sì ń jóná jáde. Àṣìṣe lórí ọ́ìlì tètè ń pa irú ẹ̀rọ yìí ju èyíkéyìí lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra sọ ọ́.

Ìwọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́. Ìwé Stihl sọ pé 50:1 tó bá jẹ́ ọ́ìlì tu-sitíróòkì tiwọn, 25:1 tó bá jẹ́ ọ́ìlì tu-sitíróòkì ilé-iṣẹ́ mìíràn. 50:1 jẹ́ mílílítà 20 sí lítà pẹtiróòlù kan, tàbí mílílítà 100 sí kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún. 25:1 jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn, mílílítà 200 sí lítà márùn-ún. Ẹ ra síríńjì ńlá ní ilé oògùn. Kò wọ́n, kì í sì í parọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi ojú wọn ọ́ìlì sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour”, ìdérí kan tàbí ìdérí méjì, kò yẹ kó dé ìdí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń jẹun.

Irú ọ́ìlì rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ wá JASO FC tàbí FD, tàbí ISO-L-EGD lára ike. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lásán tí à ń dà sínú ọkọ̀ kò dára níbẹ̀ rárá. Kò ṣe é jó mọ́ tónítóní, èédú rẹ̀ á dí ojú ihò èéfín, á gan ríìgì mọ́ ara písítìnì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, lẹ́bàá ọ̀sà, ẹ ṣọ́ra fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi, èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára. Tu-sitíróòkì ni òun náà, àwọ̀ rẹ̀ sì lè jọ tiwa, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tí omi ń tù lára ni wọ́n ṣe é fún. Ooru ẹ̀rọ ìgékoríko ju agbára rẹ̀ lọ.

Àwọn kan gbà pé tí ọ́ìlì bá pọ̀, ààbò ló pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ṣe gba àyè sí nínú epo ni pẹtiróòlù tó ń dé inú sílíńdà ń dín kù, iná ibẹ̀ á sì gbóná jù. Púlọ́ọ̀gì á dúdú, ẹ̀rọ á máa rú èéfín, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀.

Inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ ti pò ó, kì í ṣe inú táńkì ẹ̀rọ. Ẹ da ọ́ìlì sílẹ̀, ẹ da pẹtiróòlù díẹ̀ lé e, ẹ mì í, kí ẹ tó da ìyókù. Ẹ tún mì í kí ẹ tó bu sínú ẹ̀rọ. Èyí tó bá ti lé lóṣù kan, ẹ má lò ó mọ́ nínú ẹ̀rọ iṣẹ́.

Ẹ̀rọ èjìká tèmi jẹ́ fóò-sitíróòkì. Ṣé kí n pò ọ́ìlì?

Tó bá jẹ́ irú Honda GX35, rárá. Ó ní ibi ọ́ìlì tirẹ̀, bíi mílílítà 100 ló ń gbà, pẹtiróòlù lásán ló sì ń mu. Mílílítà 100 kéré gan-an. Bó bá dín díẹ̀, ó ti dín púpọ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀.

Ṣùgbọ́n Stihl ní ẹ́ńjìnì kan tí wọ́n ń pè ní 4-MIX. Fóò-sitíróòkì ni, síbẹ̀ epo tí a pò ló ń mu, kò sì ní ibi ọ́ìlì. Tí ẹ kò bá rí géèjì tàbí ìdérí ọ́ìlì lára ẹ̀rọ yín, ẹ má tíì da nǹkan kan sí i títí ẹ ó fi mọ èyí tó jẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun. Ṣé kí n kàn da epo sí i kí n fà á?

Ẹ dúró ná. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tuntun ni kò ní ọ́ìlì nínú nígbà tó bá ti inú páálí jáde. Ẹni tó fà á bẹ́ẹ̀ ti ba á jẹ́ kó tó gé ewé kan. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ da ọ́ìlì dé àmì, kí ẹ tó ronú kan pẹtiróòlù.

Ọ́ìlì àkọ́kọ́ kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Irin tuntun máa ń jẹra wọn díẹ̀ kí wọ́n tó mọ́ra, fúlẹ́fúlẹ́ irin náà á sì wà nínú ọ́ìlì. Honda ní kí a pààrọ̀ ti GX160 lẹ́yìn 20 wákàtí tàbí oṣù kan. Kawasaki ní wákàtí 8 fún ẹ́ńjìnì FX rẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ owó, wákàtí 8 lè pé lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà mélòó ni kí n máa pààrọ̀ ọ́ìlì?

Ẹ fi wákàtí kà á. Ẹ má fi oṣù kà á.

Ìwé Honda sọ pé wákàtí 100 tàbí oṣù mẹ́fà, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí oṣù mẹ́fà, wọn kì í rí 100. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń gé koríko wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti lo 30 wákàtí lọ́sẹ̀. Yóò pé 100 kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó parí. Tó bá dúró de oṣù mẹ́fà, ọ́ìlì kan náà á ti ṣiṣẹ́ ju 700 wákàtí lọ. Ẹ́ńjìnì tó bá nọ́ọ̀kì lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló jẹ̀bi.

Ìwọ̀n 100 yẹn náà, iṣẹ́ tó rọrùn ló wà fún. Nínú ìwé àwọn ẹ́ńjìnì kékeré kan, Briggs & Stratton sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo wákàtí 25 tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣe iṣẹ́ líle tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru. Tiwa jẹ́ méjèèjì. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníṣẹ́ ni pé kí ẹ̀rọ tí à ń tì gba ọ́ìlì tuntun láàárín wákàtí 25 sí 50, kí ẹ̀rọ ńlá tó ní fílítà gbà á ní 100, kí a sì pààrọ̀ fílítà ọ́ìlì náà ní 200 ó pẹ́ jù. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí eruku bo ilẹ̀, ẹ tún dín in kù.

Ẹ lè ra aago kékeré tó ń ka wákàtí ẹ́ńjìnì, èyí tí à ń so wáyà rẹ̀ mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì. Tí kò bá sí, ìwé kékeré àti bírò nínú àpò ọmọ iṣẹ́ ti tó: ọjọ́, wákàtí tó ṣiṣẹ́, ìwọ̀n ọ́ìlì tó fi kún un. Ìwé yìí náà ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ́ńjìnì ti ń jẹ ọ́ìlì.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tó tú u. Ọ́ìlì tó lọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń kó ìdọ̀tí jáde.

Ọ́ìlì mi ti dúdú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ṣé ayédèrú ni?

Dúdú rẹ̀ nìkan kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tó ń fọ ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ dúdú. Àwọn àmì tí mo máa ń bẹ̀rù yàtọ̀ sí ìyẹn. Tí ọ́ìlì bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, tí ó sì ga sí i lórí géèjì láìsí ẹni tó dà sí i, epo ń jò láti kabúrẹ́tọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì. Ẹ tún kabúrẹ́tọ̀ náà ṣe kí ẹ tó da ọ́ìlì tuntun. Tó bá funfun bí omi ẹ̀kọ, omi ti wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá rí ohun tó ń dán yanranyanran nínú rẹ̀, irin ti ń jẹ irin nìyẹn, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ọmọ iṣẹ́ mi da ọ́ìlì kọjá àmì. Ó burú?

Ó burú. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù á máa hó, á sì wọ inú fílítà atẹ́gùn. Èéfín á máa rú. Ẹ fà á dín kù.

Orí òkè náà ní tirẹ̀. Tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì á sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣíbí irin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní rí i bù. 20 dígíríì ni Honda fi ṣe òpin fún GX. Àwọn ọgbà tó wà lórí òkè ní Ìbàdàn àti Èkìtì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tu-sitíróòkì tí à ń gbé kọ́ èjìká ni kí ẹ lò níbẹ̀, nítorí pé kò sí ọ́ìlì tó máa sún lọ nínú rẹ̀. GX35 náà lè ṣe é, wọ́n ṣe é kó lè ṣiṣẹ́ bó bá tilẹ̀ dojú kọ ilẹ̀.

Ẹ̀rọ zero-turn mi, irú èyí tó lè yí lójú kan, ní ibòmíràn tí ọ́ìlì ń wọ̀, lẹ́yìn. Kí ni mo máa dà síbẹ̀?

Ibẹ̀ ni ọ́ìlì tó ń yí táyà. Ọ̀pọ̀ irú èyí tí Hydro-Gear ṣe ń lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 20W-50 níbẹ̀, àwọn mìíràn ń lo 15W-50 sintẹ́tíìkì. Ẹ má da ọ́ìlì jíà aláwọ̀ pupa síbẹ̀ nítorí pé ẹnìkan sọ pé “háídírọ́líìkì ni”. Ẹ wo ìwé rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ayédèrú ọ́ìlì lọ́jà?

Ó ń ṣẹlẹ̀ pé kí wọ́n sẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, kí wọ́n rọ ọ́ sínú ike tó lórúkọ, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pa. Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin àti ti Agodi Gate ní Ìbàdàn ní àwọn olóòótọ́ tó ti pẹ́ nídìí òwò yìí. Irú wọn ni kí ẹ wá, kí ẹ máa rà lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ wo ìdè ẹnu ike, nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àmì SON, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà. Tí wọ́n bá tẹ àmì róbótó API sí i lára, API ní àkójọ orúkọ àwọn tó gba àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè wò ó.

Ẹ ba ike yín jẹ́ tí ọ́ìlì inú rẹ̀ bá tán. Ẹ fi ọ̀bẹ lù ú. Àwọn tó ń ra ike òfìfo kiri kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fi pọn omi.

Mò ń gé koríko ní Houston. Ṣé ìmọ̀ràn yìí kan èmi náà?

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó kàn yín pátá. Ooru Houston nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ kò yàtọ̀ sí tiwa púpọ̀. Tí ẹ bá wà ní Maryland tàbí Chicago, tí ẹ tún ń lo ẹ́ńjìnì kan náà láti kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, nọ́ńbà tó bá W rìn á wá di pàtàkì: 5W-30 sintẹ́tíìkì nígbà òtútù, kí ẹ padà sí èyí tó ki nígbà tí koríko bá hù.

Níbo ni kí n da ọ́ìlì tí mo tú kúrò sí?

Kì í ṣe gọ́tà, kì í ṣe ìdí koríko oníbàárà. Àjọ EPA, tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, sọ pé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan tí a ti lò lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi mímu jẹ́, kànga sì pọ̀ nínú ọgbà tí à ń gé. Ẹ máa rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kan tó ní ìdérí, kí ẹ kọ “ọ́ìlì ìdọ̀tí” sí i lára kí ọmọ iṣẹ́ má baà dà á padà sínú ẹ̀rọ. Àwọn tó ń kó o jọ máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì. Tí ẹ kò bá mọ ẹni tó ń rà á, ẹ bi mẹkáníìkì ọkọ̀ tó sún mọ́ yín. Ẹ má fi pa ara, ẹ má fi tọ́jú egbò. Ohun tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun.